Àga Abẹnugan Inú Pálọ̀ Wa

Àga Dádì nìkan ni àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìdí kàn nínú ilé wa. Àga onígi ni, ó ní apá méjèèjì, tìmùtìmù rẹ̀ ti pupa nígbà kan rí kó tó ṣá. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù ní Becontree Heath ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti rà á, òun àti Bọ̀dá Káyọ̀dé àbúrò rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ gbé e wálé lọ́sàn-án gangan, ọ̀kan di iwájú mú, ọ̀kan di ẹ̀yìn mú, nítorí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní òun kì í gbé àga. Ibi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ náà ló wà títí di òní, láàárín fèrèsé àti irin tó ń mú ilé móoru, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á máa rí ẹnu ọ̀nà, á máa rí ilé ìdáná, á sì máa gbọ́ ariwo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Parsloes Park. Lórí apá àga náà ni ọmọ odó kékeré kan máa ń wà. Mọ́mì ló ni ín tẹ́lẹ̀, òun ló fi ń gún ata kó tó ra ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n Dádì ti gbà á, ó ti sọ ọ́ di òòlù. Nítorí pé ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Dádì kì í ṣe Dádì mọ́. Abẹnugan ni. Àwa yòókù ni Ilé Ìgbìmọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ èyí, ẹnu á yà á. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé mò ń purọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Bàbá ẹlòmíràn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, tèmi fẹ́ràn àwọn Abẹnugan ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ni ní Ìjẹ̀bú kí wọ́n tó bí mi, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣèjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi kọ́ òun, àfi bí Nàìjíríà ṣe dà á nù tó lọ mú ti Amẹ́ríkà, ni òun bá tún jókòó kọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì wọ òun lára. Ó wù ú kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ kàwé sí i, wọn kò fún un ní físà. Lọ́ńdọ̀nù tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ náà ló padà gbà á. Nígbà tí mo gbọ́njú, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth ló ti ń ṣiṣẹ́, jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tó ń dán ló máa ń wọ̀, bọ́ọ̀sì ìdájí láti Barking ló máa ń gbé e lọ. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ohunkóhun tó mọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an kò yé wọn. Sátidé nìkan ló kù fún un.

Mọ́mì á máa din àkàrà, òróró á máa ké ṣàà nínú ilé ìdáná, Bọ̀dá Káyọ̀dé á máa fa imú, nítorí ọ̀fìnkìn tó mú un nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù kò fi í sílẹ̀ mọ́, Dádì á sì máa sọ̀tàn. Kì í fi orúkọ pe àwọn Abẹnugan rẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìnagijẹ ló fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àfi bíi pé ará agboolé wọn ni wọ́n. Wọlé-Jókòó ni èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ tẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi jẹ Abẹnugan. Àgbà Ìjókòó ni èyí tó pẹ́ lórí àga ju gbogbo wọn lọ. Ẹyọ Kan ni èyí tó kúrò lórí àga náà tó padà di ààrẹ, torí látìgbà náà kò sí ẹlòmíràn tó tún rí i ṣe. Bàbá Líle ni èyí tó di Ilé lọ́rùn mú títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a jà, tó wá sọ fún wọn pé bí òun bá ti sú wọn kí wọ́n yọ òun. Àyà wọn já, wọ́n ní kó jókòó, ṣùgbọ́n wọ́n ti dè é lọ́wọ́. Ẹni tí Dádì fẹ́ràn jù nínú wọn ni Kàwọ́n-Kàwọ́n. Láyé ìgbà tirẹ̀, bí àwọn kan kò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọn kò ní dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ wọn. Nígbà tí wọn kò ti dáhùn, wọ́n á ní wọn kò sí níbẹ̀, iye èèyàn tí òfin ní kó wà níjókòó kò ní pé, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Kàwọ́n-Kàwọ́n ní òun fi ojú òun rí wọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fìbínú dìde, ó ní ta ló fún un láṣẹ láti sọ pé òun wà níbẹ̀. Abẹnugan bi í ní pẹ̀lẹ́ pé ṣé ó ń sọ pé òun kò sí níbẹ̀ ni. Nígbà tó yá àwọn kan ń sá sábẹ́ tábìlì, àwọn kan sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti tì í pa. Dádì á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. “Ẹni tó bá wà níbí, ó wà níbí,” ni ó máa ń sọ, “ì báà dákẹ́, ì báà sọ̀rọ̀.”

Òfin ilé wa kò pọ̀. Ẹni tó bá jókòó lórí àga náà tó mú ọmọ odó lọ́wọ́ ni Abẹnugan. Ẹnikẹ́ni lè dá àbá, àní èmi tí mo kéré jù, nítorí Dádì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. A ó pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kóówá á ní “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, torí ó lè jẹ́ pé ó ṣì ń rò ó. Abẹnugan kì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba. Kò sí ohun ńlá kan tí a ń fi gbogbo èyí ṣe o. A dìbò lórí ajá, ajá kò wọlé. A dìbò lórí bóyá kí Bọ̀dá Káyọ̀dé dẹ́kun fífọ ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ mọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì funfun Mọ́mì, ìyẹn wọlé wẹ́rẹ́, òun nìkan ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò nígbà náà pé gbogbo ilé ní Dagenham ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Màmá Ìjẹ̀bú, ìyá tó bí Dádì, wá kí wa. Obìnrin tínńrín ni, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, tó máa ń wọ súẹ́tà Dádì sórí bùbá. Dádì kò jẹ́ kó ṣe ohunkóhun. Àlejò pàtàkì ni yín, mà, ni ó máa ń sọ fún un, ẹ sinmi. Nítorí náà bó bá di Sátidé kì í pe orúkọ rẹ̀. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Màmá á gbé àpótí kékeré rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa rin ewùrà tí Mọ́mì rà ní ọjà Barking, torí ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì gbà pé ẹlòmíràn mọ ọ́n rin. Mo ṣì ń gbọ́ ìró irin ìrinṣu yẹn létí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀, lábẹ́ gbogbo ìtàn Dádì. A rò pé kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Nísinsìnyí tí mo bá rántí, mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ìró náà máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Inú òtútù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni ohun tó kọ́kọ́ bá wa lójijì ṣẹlẹ̀. Dádì ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ìròyìn ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì rí i pé ní Amẹ́ríkà wọ́n ń gbé òòlù fún obìnrin. Kò jókòó. Ó dúró sójú kan, ó di báàgì oúnjẹ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Ilé náà sílẹ̀, ó ju igba ọdún lọ, ọkùnrin ló ń jókòó síbẹ̀ láìyẹsẹ̀. Dádì mọ̀ wọ́n sórí bí orin ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí obìnrin kankan láàárín wọn. Kì í wá ṣe obìnrin nìkan, ìyá àgbà ni. Ó ní kí àwọn ọmọdé wá bá òun lókè, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà ń na ọwọ́ kan òòlù. Dádì ní òun kò rò pé òun máa rí irú ẹ̀ láyé òun. Màmá Ìjẹ̀bú ti jáde wá láti ilé ìdáná. Ó bi í pé ta ló ní kí obìnrin yẹn jókòó síbẹ̀. Dádì ní wọ́n dìbò fún un ni. Màmá wo tẹlifíṣọ̀n náà pẹ́, ó mi orí, ó padà sídìí ewùrà rẹ̀.

Ìyàlẹ́nu kejì, inú ilé wa ló ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ mú, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ìgboro ló ń sọ lójú ọ̀nà, tó bá wọlé á yí i padà kíákíá. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí i ní Parsloes Park ní àsìkò tó yẹ kó wà ní kíláàsì, òun àti àwọn ọmọ tí wọn kò dé fìlà wọn dáadáa, ni ìyá náà wí. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ilé-ìwé pe Mọ́mì pé Ṣadé jà. Lásìkò náà, wọ́n ti gún ọmọ kan lọ́bẹ nítòsí ibùdó bọ́ọ̀sì tí a máa ń wọ̀. Mọ́mì kì í sùn mọ́ bí Ṣadé kò bá tíì wọlé. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí àwọn òbí ń ṣe sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká lọ ṣe Kérésìmesì nílé. Ọmọ á kó aṣọ dáadáa rẹ̀ sínú àpótí, á máa yọ̀, wọ́n á dé Nàìjíríà, òbí á gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀, á nìkan wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Dádì ní òun kò ní tan ọmọ òun jẹ láéláé. Òun á gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú Ilé.

Ó sì gbé e wá. Àbá rẹ̀ ni pé kí Ṣadé lọ gbé ní Ìjẹ̀bú Òde lọ́dọ̀ Àǹtí Bísọ́lá, kó wọ ilé-ìwé níbẹ̀ títí yóò fi jáde. Ìyá Èkó ló bí Àǹtí Bísọ́lá, Ìyá Èkó tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wa, tó wé gèlè ńlá. Ìyá Èkó yìí ni àbúrò bàbá Màmá Ìjẹ̀bú. Òun ló san owó ilé-ìwé Dádì láti kékeré, a kì í gbàdúrà ìdílé kí Dádì má dárúkọ rẹ̀. Ṣadé kò tíì mu ògì rẹ̀ tán. Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó wo gbogbo wa yíká. Dádì pe orúkọ. Mọ́mì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀dá Káyọ̀dé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣadé ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì pariwo rẹ̀, bí ẹni pé ohùn líle máa sọ ìbò kan di méjì, débi pé Dádì ní kí n rọra. Ó wá dọ́gba. Mo rò nínú ọkàn èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá pé a ti bọ́, torí kò lè jẹ́ pé Dádì tó bí Ṣadé máa fẹ́ kó lọ. Dádì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi ọmọ odó lu apá àga. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi mo rí i pé eré tí à ń ṣe ní Sátidé lè mú èèyàn kúrò nínú ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò dùn. Yàrá kan náà ni èmi àti Ṣadé ń sùn, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn ń dojú kọ ògiri. Mọ́mì gbé àpótí ńlá wálẹ̀ láti òkè àjà, ó fi sí kọ́rídọ̀, kóówá wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá. Ṣadé lọ bẹ Dádì nínú pálọ̀. Mo gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Ó kúnlẹ̀, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí. “Dad, please. N ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. I swear down, n ò ní bá wọn rìn mọ́.” Dádì dá a lóhùn pé Ilé ti sọ̀rọ̀. Mo kórìíra gbogbo àwọn Abẹnugan Amẹ́ríkà pátá lọ́jọ́ náà, láti orí Wọlé-Jókòó dé orí ìyá àgbà tó gba òòlù.

Sátidé dé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò le, ọjọ́ tí wọ́n máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ni Dádì fẹ́ kí a fẹnu kò lé lórí. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó mú ọmọ odó. Ìró irin ìrinṣu dúró. Kò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Màmá Ìjẹ̀bú dìde lórí àpótí rẹ̀, ó fi ìdí ìró nu ọwọ́, ó rọra rìn wá títí ó fi dúró síwájú Dádì. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ibẹ̀ yẹn ni òun fẹ́ jókòó sí. Dádì dìde lójú ẹsẹ̀. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ìyá rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ nílé. Ó tilẹ̀ gbé ọmọ odó sílẹ̀ kó lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í lápá, ó tún tìmùtìmù ṣe fún un, ó bi í bóyá kí òun gbé àpótí wá fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá ní rárá. Ó jókòó, ó na ọwọ́ sí apá àga, ó mú ọmọ odó, ó gbé e lé itan. Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Dádì ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ní tirẹ̀, kò tíì yé e. Ó ní kí Màmá jẹ́ kí àwọn yára parí ìpàdé, lẹ́yìn náà kí Màmá sinmi.

“Ta ni Abẹnugan ilé yìí?” ni Màmá bi í.

Àkàrà ń jó nínú ilé ìdáná, Mọ́mì kò sì lọ wò ó.

“Ìwọ lo sọ pé ẹni tó bá jókòó síbí ni. Mo ti wà nílé yìí tipẹ́, n ò gbọ́ orúkọ mi rí. Bàbá Ṣadé, ṣé mo wà níbí, àbí mi ò sí?”

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ba Dádì. Ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni. “Ẹ wà níbí, mà,” ni ó wí. Màmá ní ó dáa, òun gbé ọ̀rọ̀ Ṣadé dìde padà. Bọ̀dá Káyọ̀dé ní àwọn ti parí ìyẹn. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Màmá kò gbé ohùn sókè. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú Ṣadé nìkan ló ń wò, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló wà nínú ilé. Ó ní òun kò tó Ṣadé rárá nígbà tí bàbá òun pe ẹbí jọ pé kí òun lọ máa gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ní Èkó, kí òun lè lajú. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n, wọ́n bi àbúrò, wọ́n bi aládùúgbò tó wá yá iná. Òun àti ajá nìkan ni wọn kò bi. Ní Èkó, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni òun ń sùn. Òun ló ń ji àwọn ọmọ ilé, òun ló ń fọ aṣọ wọn, òun ló ń gbé igbá àádùn kiri. Ìgbà tí ìyá òun kú ní Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè kó tó di pé wọ́n sọ fún òun. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí òun sunkún nígbà tí iṣẹ́ pọ̀.

Dádì ti yíjú sí ògiri, sí fọ́tò obìnrin tó wé gèlè ńlá. “Ìyá Èkó?” ni ó wí.

“Òun náà.”

“Ìyá Èkó tó rán mi níléèwé? Màmá, ẹ ò sọ fún mi rí.”

“O ò bi mí rí,” ni Màmá wí. “Owó iléèwé rẹ, owó iṣẹ́ mi ni. Mo lọ bá a pé kí ó san án fún ọmọ mi, kò sì lè kọ̀.”

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù, n kò sì tíì rí ojú tó yí padà bí ojú Dádì lọ́jọ́ náà. Ó fi ọwọ́ wá ibi tó máa jókòó sí. Kò sí àga nítòsí, torí òun ló ti ń jókòó lórí èyí tó wà níbẹ̀, bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, láàárín èmi àti Ṣadé, bí ọmọ ilé. Mọ́mì ti ń sunkún. Màmá pe orúkọ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé yóò yí ìbò rẹ̀ padà. Ó nu ojú, ó ní kí Màmá má bínú sí òun, ẹ̀rù ìgboro yìí ń ba òun, òun kò fẹ́ sin ọmọ òun. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni ó wí. Màmá kò bínú. Ó pe Bọ̀dá Káyọ̀dé, òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, torí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kó tako ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ṣadé ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi ní bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá ku Dádì, tí kì í ṣe Abẹnugan mọ́, tó ti di ọ̀kan lára wa, tó ní ìbò tirẹ̀ láti dì bí ẹni gbogbo. Lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ṣadé di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí.

“Múyìíwá,” ni Màmá pè é. Kò pè é ní Bàbá Ṣadé.

Dádì la ẹnu. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bó ṣe tún la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì ni ọmọ odó balẹ̀ lórí apá àga, gbàá, gbogbo wa ta gìrì.

“Ó wà níbí, kò sọ̀rọ̀, mo ti kà á,” ni Màmá wí. “Méjì sí méjì ni. Ó ku èmi. Ọmọ mi ò ní lọ síbì kankan.” Ó tún lù ú.

Bọ̀dá Káyọ̀dé fẹ́ sọ pé òfin ní kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i bó ṣe gbé ìka sókè díẹ̀ tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi náà ṣàkíyèsí rẹ̀, mo sì rò pé arúgbó ló gbàgbé. Màmá dìde, ó gbé ọmọ odó padà sí àyè rẹ̀, ó ní kí Dádì wá gba àga rẹ̀, iṣẹ́ ń dúró de òun. Nígbà tó yá, a gbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Dádì kò dìde nílẹ̀ kíákíá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló yọ fọ́tò Ìyá Èkó kúrò lára ògiri, kò sì sọ ibi tó gbé e sí fún ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, orúkọ Màmá ló kọ́kọ́ pè.

Màmá Ìjẹ̀bú padà sílé, ó lo ọdún díẹ̀ sí i láyé kó tó lọ sinmi. Ṣadé kò di ańgẹ́lì. Ó ṣì fún Mọ́mì ní àìsùn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ilé wa níbí ló ń pẹ́ kó tó wọ̀. Nọ́ọ̀sì ni lónìí, ó ti bí ọmọ méjì, kò sì jìnnà sí Dádì, torí òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ní wọ́n ti yọ Abẹnugan Amẹ́ríkà lórí àga. Àwọn kan lára ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dìbò pé kó lọ. Dádì gbé ẹ̀bà sílẹ̀. Ó ní irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí Ilé náà ti wà, Bàbá Líle gan-an ní kí wọ́n yọ òun, àyà wọn kò gbà á. Ẹnu yà á títí kò fi lè jẹun mọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ti ìyàlẹ́nu níbẹ̀, ṣebí wọ́n yọ òun náà rí, wọn kò tilẹ̀ dìbò kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, Ṣadé rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í rí, pé ká ní Màmá pè é lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà, kí ni ì bá wí.

Mo rò pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Dádì wo Ṣadé, ó pẹ́ kó tó mú ojú kúrò lára rẹ̀.

“N bá ní bẹ́ẹ̀ ni,” ni ó wí. “N bá ní kó lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, ẹkún ló dí i lọ́nà.”

Ṣadé kò mira. Ẹ̀rín ṣì wà lójú mi, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Dádì na ọwọ́ sí apá àga, ó fi ìka pa orí ọmọ odó níbi tí ọwọ́ ti mú un dán.

“Màmá mọ̀ mí,” ni ó wí. “Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ò fi pè mí lẹ́ẹ̀kejì.”